Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Yá Láńre

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọkùnrin kan bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yín ju ẹ̀yin fúnra yín lọ, ẹ tètè bi í pé kí ló ń wá. Èmi kò bi Láńre. Inú mi ń dùn ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Hussainat lorúkọ mi. Ọmọ Alhaji Sàláwù ni mí, ará Ìsẹ́yìn tó ti fi Olódì-Àpápá ṣe ilé láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Iṣẹ́ bàbá mi ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní wọ́ọ̀fù. Éjẹ́ǹtì ni à ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá mi ní láìsẹ́ńsì tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì kò ní. Màmá mi ti kú. Èmi àti Bàbá la jọ wà ní ọ́fíìsì wa oníyàrá kan. Mo ń tẹ ìwé, mo ń gbé fóònù, mo sì ń bá àwọn awakọ̀ tírélà jà.

Ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá kọ́ńténà òun ti sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, àfi kó lọ sí èbúté Tin Can fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bàbá á gun ọ̀kadà láàárín àwọn tírélà, eruku á bò ó, á débẹ̀, wọ́n á ní ẹrù kò tíì sọ̀kalẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní ó ti sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, owó ìdúró sì ti ń gun orí ara wọn. Orúnkún rẹ̀ kò gba ìyẹn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí n kò ní dárúkọ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo éjẹ́ǹtì tó ní láìsẹ́ńsì. Bàbá na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Hussainat, kí ni wọ́n ń wí? Mo rí 'free' níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí."

"Wọ́n ní àwọn ti ṣí API, Bàbá. Ẹnu ọ̀nà ni. Kọ̀ǹpútà tiwa á máa bi kọ̀ǹpútà tiwọn pé kọ́ńténà wa dà, tiwọn á sì máa dáhùn. Ẹni tó bá ní láìsẹ́ńsì ni wọ́n máa fún ní kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ onírin?"

"Rárá o. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n tò pọ̀. Ó gùn ju oríkì lọ."

"Tí kò bá ti ní jẹ́ kí n gun ọ̀kadà lọ Tin Can mọ́, gbà á."

Orúkọ Bàbá àti nọ́ńbà láìsẹ́ńsì rẹ̀ ni mo fi gbà á. Mo fọwọ́ sí i pé a kò ní fún ẹlòmíràn lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí mo ti fọwọ́ sí i yìí.

N kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbì kankan. Mo kàn mọ díẹ̀ nínú Páítọ̀n, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, nítorí pé olùkọ́ wa kan ní Póòlì fi dẹ́rù bà wá rí. Mo rò pé màá sunkún ni. Àṣé ẹnì kan níbì kan ti kọ gbogbo èyí tó le nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láíbùrárì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lọ kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kó jíṣẹ́ rẹ, kó sì gbé èsì bọ̀. Ìwọ á kàn sọ ibi tó máa lọ, ohun tó máa béèrè, àti kọ́kọ́rọ́ tó máa fi hàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi módẹ̀mù fà á sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kí n kọ. Mo kọ ọ́. Èsì tó dé ni 401. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, a kò mọ̀ ọ́.

Mo tún kọ ọ́. 401. Mo pààrà rẹ̀ títí, àfi bíi géètìmáànù tó ń wo ènìyàn láti òkè délẹ̀ tí kò sì fẹ́ sún kúrò lójú kan.

Mo padà lọ ka ìwé náà pẹ̀lú sùúrù, èyí tí n kì í sábà ní. Àṣìṣe mi wà níbẹ̀ gbangba. Mo lọ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí àdírẹ́sì. Lórí iṣẹ́ tí mo ń rán ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí, níbi tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti máa kọ́kọ́ rí i. Mo gbé e síbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

200.

Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde: nọ́ńbà kọ́ńténà, orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó gúnlẹ̀, àti pé ẹrù ti wà nílẹ̀. Mo pariwo. Bàbá sáré wọlé, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ejò ni?"

"Bàbá, ẹrù Màmá Onome ti sọ̀kalẹ̀!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kọ̀ǹpútà wọn ni."

Kò gbà mí gbọ́. Ó pe ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan ní Tin Can, ó ní kó bá òun wò ó. Òótọ́ ni. Bàbá jókòó, ó tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbàdúrà fún mi pé n kò ní rí ìjákulẹ̀. N kò tíì gbádùn àdúrà kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá ṣe é kó máa béèrè fúnra rẹ̀ láràárọ̀, kó sì máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí oníbàárà tí ẹrù rẹ̀ bá ti dé. Bàbá ní òun kò fẹ́ òyìnbó gbígbẹ. Nítorí náà, mo kọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹrù yín ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láyọ̀." Èmi ni mo ronú gbólóhùn yẹn láti orí mi, mo sì ń fi yangàn.

Màmá Onome ló kọ́kọ́ gbà á. Obìnrin Ùròbò ni, ó ń ta fírísà tòkunbọ̀ ní Bọ́ńdà, Ajégúnlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni Bàbá ti ń bá a gba ẹrù. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Hussainat, you too much! Ẹrù mi ò tíì gbóná nílẹ̀, mo ti gbọ́! Tell your papa say make e no ever sack you!"

Ibí yìí ni Láńre ti wọlé.

Láńre Àkànó, éjẹ́ǹtì ni òun náà, ṣùgbọ́n kò ní láìsẹ́ńsì. Ní Àpápá, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ẹni tí kò ní á sá sábẹ́ ẹni tó ní, á fi orúkọ rẹ̀ gba ẹrù jáde, á sì dúpẹ́. Abẹ́ Bàbá ni Láńre wà, òun àti Benson, ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì yẹn ni Láńre ti rí mi, tí mo sì rí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. A ti fi nikah, ìyẹn yìgì wa, sí ẹ̀yìn Iléyá.

Láti ọjọ́ tí kóòdù mi ti ń ṣiṣẹ́, Láńre kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó máa ra bọ̀ọ̀lì ẹlẹ́pà wá, á fa àga, á máa wo ìka mi.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà," á ní, "ká ní o rí ojú ẹ bó o ṣe ń kọ nǹkan yìí. Ó ń ṣe mí bíi kí n tún ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ta ni kò ní yọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń dán láíbùrárì náà wò lásán. Dípò kí n fi nọ́ńbà kọ́ńténà béèrè, mo fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi béèrè. Gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ náà tú jáde. Orúkọ onẹ́rù wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn náà wà níbẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Láńre, wá wo àwọn wèrè yìí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú gbọin-gbọin, wọ́n ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀."

Láńre kò rẹ́rìn-ín. "Tún un ṣe kí n rí i."

Mo tún un ṣe. Lẹ́yìn náà mo pa á dé, mo ní kò kàn wá. Ó yẹ kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. N kò kọ ọ́. Mo rò pé wọ́n ní ọ̀mọ̀wé tiwọn tó ń gbowó oṣù.

Kò pẹ́ sí i, Láńre ní, "Fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sórí láptọ́ọ̀pù tèmi náà. Mo fẹ́ máa wo ẹrù àwọn oníbàárà mi láì yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Wọ́n ní ká má fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ti di ẹnikẹ́ni báyìí?"

"Mo fọwọ́ sí i ni, Láńre."

Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó lọ. Kò gbé ìpè mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣì í tẹ̀, mo ń wo fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú rẹ̀ ló ṣẹ́gun mi. Ọ̀rọ̀ tó gbé bọ̀ ni.

"Hussainat, mo ti rò ó. Láìsẹ́ńsì tí èmi àti Benson ń lò, ti ta ni?"

"Ti Bàbá."

"Ṣé olè ni Bàbá tó fi yá wa?"

"Àgbẹdọ̀!"

"Kọ́kọ́rọ́ tó ò ń ṣọ́ yìí, ọmọ láìsẹ́ńsì ni. Ara rẹ̀ ló ti jáde. Ẹni tó yá mi ní ìyá, ọmọ ẹ̀ wá ń fi ọmọ dù mí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Bí àwa ará Àpápá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. N kò rò ó pé láìsẹ́ńsì kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tèmi lè wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá kó sì máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Mo ní kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá.

Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Mo jókòó tì í, mo fi bí wọ́n ṣe ń fa láíbùrárì náà wálẹ̀ hàn án, mo jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí 401 jáde, mo rẹ́rìn-ín, mo fi àṣìṣe tí èmi náà ti ṣe hàn án. Nígbà tí 200 jáde, ó dìde, ó jó yí àga ká. Mo wá da gbogbo kóòdù mi kọ fún un, tẹ́ẹ̀sì àti gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ yẹn wà lára ọjọ́ tí inú mi dùn jù láyé mi, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè rántí rẹ̀ kí n má bínú.

Ẹ fọkàn bá mi lọ.

Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ẹni tó máa ń pè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kò pè mọ́. Bí a bá pè é, á ní òun kò tíì kó ẹrù. Benson ló kọ́kọ́ gbé òótọ́ wá.

"Baba, no vex o. That your customer for spare parts, the man don carry load. I see the container with my two eyes. Another person clear am."

"Ta ni?"

"I no know. Some new people for Ìjọrá."

Lẹ́yìn tí Benson lọ, Bàbá bi mí bóyá mo rò pé ọjọ́ orí òun ló fà á. Bóyá àwọn ènìyàn ò fẹ́ éjẹ́ǹtì tí kò lè sáré mọ́. Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ṣùgbọ́n èmi náà ò mọ ohun tó fà á.

Láńre wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Ó ń tu Bàbá nínú.

"Ayé ló ti yí padà, Bàbá. Àwọn oníṣòwò òde òní ò mọ oore. Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ọmọ yín wà níbí."

Bàbá á ní, "O ṣé, ọmọ mi." Ó ń pè é ní ọmọ mi.

Kóòdù tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Láàárọ̀, bó bá lọ kan ilẹ̀kùn, 429 ló máa gbé bọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ ti béèrè jù, ẹ lọ sinmi ná. Béèrè jù kẹ̀? Ẹrù tí a ní kò pọ̀ mọ́! Mo rò pé kóòdù mi ló ń lọ lọ́nà tí kò yẹ. Mo tú u, mo tún un tò. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí wọ́n bá lé e, kó dúró díẹ̀ kó tó padà lọ. Tẹ́ẹ̀sì tó ń dé láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi Láńre bóyá tirẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ó ní. "Má da ara ẹ láàmú."

Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo gbà á gbọ́. Mo fi ọ̀sẹ̀ yẹn bú ara mi.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ tú, ọ̀sán gangan ni. Bàbá àti Láńre ń jẹun ní ọ́fíìsì, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí mo sè, nínú abọ́ kan náà. Màmá Onome wọlé, kò jókòó.

"Alhaji, I say make I come tell you face to face. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ti gbé ẹrù mi fún àwọn ẹlòmíì."

Ọwọ́ Bàbá dúró. "Màmá Onome. Kí la ṣe fún yín?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Na the matter be that! Kí ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀, àwọn yẹn ti sọ̀rọ̀. Morning morning, my phone go sound. Tiyín á wá dé nígbà tí mo bá ti ń palẹ̀ ọjà mọ́. Business na business, Alhaji. Ẹ má bínú sí mi." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "See am with your eye."

Mo gbà á, mo kà á.

"Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹrù yín ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láyọ̀. Éjẹ́ǹtì yín ń sùn, àwa ò sùn. Ẹ pè wá."

Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo bí wọn. Ìyókù ni n kò mọ bàbá rẹ̀. Nọ́ńbà kan tí n kò rí rí wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mú fóònù tèmi, mo pe nọ́ńbà náà.

Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì Láńre.

Kì í ṣe fóònù tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Òmíràn ni. Láńre kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀.

"Láńre," ni Bàbá wí, "fóònù rẹ ń dún."

"Ti ọ̀rẹ́ mi kan ni, Bàbá."

"Gbé e," ni mo wí. "Oníbàárà ni."

Màmá Onome pa òṣé, ó káwọ́ lérí. "Chai! Na him voice! Since wey I dey hear am for phone, I dey say this voice resemble person wey I sabi! Láńre, na you? Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń jẹun pọ̀ yìí?"

Láńre nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú. Business ni. Tí kì í bá ṣe èmi, ẹlòmíì á ṣe é."

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Hussainat, jẹ́ ká jáde síta..."

"Láti ìgbà wo, Láńre?"

"Láti ìgbà tó o ti kọ́ mi."

Àṣé ọjọ́ tó ń jó yí àga ká, oníbàárà bàbá mi ló ń jó lé lórí. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí mo fi rẹ́rìn-ín, òun ló ń fi béèrè láràárọ̀, ọkọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, títí ilẹ̀kùn fi ń sú àwọn tó ni í. Ìdí tí wọ́n fi ń lé èmi padà nìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Àwa méjèèjì ni mo ń ṣe é fún," ó ní. "Mo ti gba ọ́fíìsì sí Ìjọrá. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa láìsẹ́ńsì. Mo fẹ́ kọ orúkọ ìwọ náà sára bọ́ọ̀dù."

"Oúnjẹ ẹnu bàbá mi lo fẹ́ fi fẹ́ mi?"

"Ìwọ lo kọ́ mi! Ìwọ lo fún mi!"

"Mo máa lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo ṣì máa ń gbọ́. "Lọ sọ fún wọn. Orúkọ ta ló wà lórí kọ́kọ́rọ́? Orúkọ Bàbá ni. Bí wọ́n bá ń wá olè, ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n máa kàn."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò kí Bàbá. Màmá Onome bú sẹ́kún kí èmi tó bú.

Bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀. Kò jẹ oúnjẹ yẹn tán.

"Ìwọ lo fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin náà yá wọn ní láìsẹ́ńsì, Bàbá. Mo rò pé bákan náà ni."

Ó mi orí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo máa ń yá wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá yá, mo máa ń bá a dé géètì. Mo máa ń fojú ara mi rí ohun tó gbé jáde. Ìwọ, ṣé o bá a dé géètì?"

Ì bá sàn fún mi kó lù mí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti Bàbá lọ sí ilé-iṣẹ́ náà ní Àpápá kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè wá. Màdáámù Nwakaego ni orúkọ obìnrin tó ń bójú tó ẹnu ọ̀nà API wọn. Òyìnbó ló ń sọ, mo ń túmọ̀ fún Bàbá.

"Alhaji, ó ku díẹ̀ ká kọ̀wé sí yín. Kọ́kọ́rọ́ yín ló ń béèrè ẹrù gbogbo ọkọ̀ wa, tọ̀sán-tòru."

"Ẹlòmíràn ló ń lò ó, mà," ni mo wí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà.

Ó wò mí. "Ìgbà wo lẹ rí i pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀?"

Mo sọ ìgbà náà fún un.

"Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́? Bí ẹ bá ti sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn, à bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àní à bá gbà yín síṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Inú mi ò dùn láti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí kọ́kọ́rọ́ ni a mọ̀."

Bàbá ní, "Kí ló wí?" N kò mọ bí mo ṣe máa túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wa. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa tó àwọn tó ń fún éjẹ́ǹtì ní láìsẹ́ńsì létí. Nígbà tí àkókò tó láti sọ láìsẹ́ńsì Bàbá dọ̀tun, wọn kò sọ ọ́ dọ̀tun. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni kí wọ́n fìyà jẹ. Wọ́n ní èmi kò ní láìsẹ́ńsì tí wọ́n lè gbà.

Ìyá Láńre wá bẹ̀bẹ̀ nítorí nikah. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ mí, mo sì dá gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá padà. Ọmọ rẹ̀ kò tẹ̀lé e wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò sọ pé kí ẹ má kọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn níṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí a kọ́ ènìyàn kì í tán lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń jẹ́ orúkọ ilé yín, ẹ má fi sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ bá sùn bá jí. Kó lọ gba tirẹ̀.

Benson ló padà gba láìsẹ́ńsì tirẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí wa, ó sì ní kí Bàbá wá máa fi orúkọ òun gba ẹrù. Báyìí ni bàbá mi, ẹni tí àwọn ènìyàn ń sá sábẹ́ rẹ̀, ṣe sá sábẹ́ ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. Benson kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. "Baba, na your shop be this," ló máa ń wí. Síbẹ̀, bí Bàbá bá ní ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí Benson á fi ráyè.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni èmi àti Bàbá wà lọ́dún 2017, nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà àjèjì ni.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, jọ̀ọ́, má pa á."

Mo mọ ohùn náà lójú ẹsẹ̀.

"Kóòdù yẹn ti dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan dára, ṣùgbọ́n 404 ló ń sọ láti ìjẹta, pé kò sí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀. Mo ti gbé e fún àwọn ọmọ kan ní Ìkẹjà, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn oníbàárà ń dà mí láàmú. Ìwọ nìkan lo mọ inú ẹ̀, Hussainat. Sọ iye tó o bá fẹ́."

Mo mọ ohun tó ṣe é kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ náà ti gbé ẹnu ọ̀nà wọn lọ sí àdírẹ́sì tuntun, wọ́n sì ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló máa yí padà nínú kóòdù náà. Kí n má parọ́ fún yín, ó dé ẹnu mi. Ó dùn mọ́ mi pé mo mọ̀ ọ́n, pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan láìsí mi.

"Lọ ka ìwé ìbẹ̀rẹ̀," ni mo wí. "Ọ̀fẹ́ ni." Mo pa fóònù.

Bàbá ń wò mí. "Láńre nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá."

Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ṣé ó béèrè mi?"

Mo wo ojú rẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń retí pé ọmọkùnrin náà á kí òun.

"Rárá, Bàbá. Kò béèrè yín."

Ó mi orí. "Ọlọ́run á forí jì í."

"Amen o, Baba!" ni Benson dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Oya, come make we sign your paper."

Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ kan di orúnkún rẹ̀ mú, ó wọlé lọ. Èmi kò ṣe àmín. N kò tíì ṣe é títí di òní.